Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ Òòrùn

Lọ́dún 1994, Fàòsíyà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Fìdítì. Bàbá rẹ̀ wà nílé ní Ìlọrà, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni baba náà bẹ ọmọ rẹ̀ fún: kó wá wo ojú òun kí wọ́n tó gbé òun wọlẹ̀. Fàòsíyà sì ṣèlérí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ń ṣàlàyé fún kíláàsì rẹ̀ pé kò sí ohunkóhun tó lè sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ sójú òṣùpá. Blessing, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ní òfófó Fìdítì sáré jù ú lọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ fún wọn pé bí òòrùn bá kú lójijì, àwọn èèyàn á ṣì máa sá aṣọ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, torí ìmọ́lẹ̀ tó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́nà.

"Mà, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn, ṣé òòrùn wà àbí kò sí?" Blessing béèrè.

"Lọ́dọ̀ tiwa, ó wà."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ dé tí Ṣàràfá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Fàòsíyà, fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gun ọ̀kadà wá láti Ìlọrà. Ó béèrè àlàáfíà iṣẹ́, ó béèrè àlàáfíà ọmọ, ó wá ní Bàbá ní kó yà sílé. Fàòsíyà béèrè bóyá àìsàn náà ló tún le sí i. Ṣàràfá ń wo bàtà rẹ̀, ó ní ibà díẹ̀ ni, kó má da ara rẹ̀ láàmú, kó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó sì gba ìlú Akínmọ́rìn lọ láti jẹ́ irú iṣẹ́ kan náà fún àwọn ẹbí tó kù.

Ta ló ń gun ọ̀kadà láti Ìlọrà wá sí Fìdítì lọ́jọ́ iṣẹ́ nítorí ibà? Kò sí àgbàlagbà nílẹ̀ wa tí wọ́n máa jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní mọ̀. Bóyá Fàòsíyà náà mọ̀, tí kò fẹ́ mọ̀. Ó padà sídìí pátákó, ó sì kọ́ kíláàsì méjì sí i.

Nígbà tó dé Ìlọrà, àwọn ọkùnrin ń fọ erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Wọ́n ti retí rẹ̀ títí wọ́n fi kírun Àìlà ọ̀sán, Lèmọ́mù sì ní a kì í fi òkú mùsùlùmí pa mọ́. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni baba náà ti kú, kí Ṣàràfá tó gun ọ̀kadà rárá.

Ṣàràfá dé lẹ́yìn rẹ̀, ó rí i lẹ́bàá sàréè. "A ò fẹ́ kí ìròyìn náà já lù ọ́ lójú ọ̀nà ni," ló wí. "Mo rò pé wàá mọ̀."

Inú bí Fàòsíyà gan-an, ṣùgbọ́n kò pariwo.

"Ìmọ́lẹ̀ ń sá gbogbo eré tó lè sá, bùrọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ọ́mọ̀ rọra."

Ṣàràfá ò mọ ohun tó kan ìmọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Fàòsíyà jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀ sàréè náà. Ó ṣì tutù.