Àwòrán Ọkàn Ọmọ Náà

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ìdáná tún ń pọ ìwé funfun jáde, wọ́n ń já bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alásè ilé ìwòsàn kan tẹ Ìyá Wáyà láago, obìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn.

"Ìyá Wáyà, ẹ̀rọ yín tún ti ń bì o. Àbí oyún ni?"

Ìyá Wáyà kò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ń dúró de iṣẹ́ abẹ lókè, ihò wà nínú ọkàn rẹ̀, àwòrán ọkàn náà sì wà ní ilé ìwòsàn kejì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́ tiwọn. Dókítà ti ní òun kò ní fi ọ̀bẹ kan ọmọ náà láìrí àwòrán yìí. Ìyá ọmọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kí ilé ìwòsàn méjèèjì tó mọ ara wọn ni kálukú ti fún ẹ̀rọ rẹ̀ ní nọ́ńbà, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n sì lò. Nọ́ńbà ẹ̀rọ àwòrán lọ́hùn-ún ni nọ́ńbà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé níbí. Ìyá Wáyà ti fi ẹ̀rọ aṣọ́nà kan sáàárín wọn, èyí tó ń fún àwọn ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kejì ní nọ́ńbà tuntun tí ará ibí lè fi kàn sí wọn. Síbẹ̀, bí dókítà bá fi orúkọ pe ẹ̀rọ àwòrán, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé ìdáná ló ń dáhùn, tó ń pọ ìwé funfun.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kejì ní kí wọ́n kúkú yí gbogbo nọ́ńbà padà. Iṣẹ́ oṣù mélòó? Ìyá Wáyà gbàdúrà ní ṣókí, ó sì tú èsì tó ń ti ọ̀hún bọ̀ wò, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà dókítà pé nọ́ńbà wo ló ni orúkọ tó pè. Ó dà bíi lẹ́tà: àdírẹ́sì tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn lẹ́tà nìkan ni aṣọ́nà ń pààrọ̀.

Ó pàṣẹ fún aṣọ́nà pé kó máa ṣí èsì orúkọ kọ̀ọ̀kan, kó pààrọ̀ nọ́ńbà inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó gòkè lọ bá dókítà, ó mú kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbàgbé èsì àtẹ̀yìnwá.

"Ẹ tún pè é, Dókítà. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ pè."

Ọkàn kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń ṣí, ó ń pa dé. Dókítà sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ́ka sí ihò náà, ó sì ní kí wọ́n gbé ọmọ wọlé.

Ìyá Wáyà kò lè kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó fi àwòrán yìí ránṣẹ́ kò kúrò ní yàrá rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ mìíràn tún ní nọ́ńbà náà. Ó ṣáà gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó sì dáhùn. Ó wá ronú nípa gbogbo ọkàn tó ń lù báyìí káàkiri ayé, tí wọ́n jọra bí omi, àti Ẹni tí kì í ṣi ọ̀kankan pè.