Orúkọ Tí Rẹ̀mílẹ́kún Rò Pé Òun Rà

Àtìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà pa ni aṣọ Kútọnu ò ti wọ ṣọ́ọ̀bù Rẹ̀mílẹ́kún n'Ílaròó mọ́. Àfi bí obìnrin kan ṣe já wọlé láti Ayétòrò, tó ń pariwo pé òun sanwó aṣọ lórí ìkànnì ayélujára Rẹ̀mílẹ́kún lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun ò rí aṣọ gbà.

"Èmi kẹ̀? Mi ò ta nǹkan kan!"

Àbúrò rẹ̀, Mọ́rẹ́olúwa, tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní Pólì, wà níbẹ̀. Ó yẹ ìkànnì náà wò lórí fóònù, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ san owó orúkọ ìkànnì yín lọ́dún yìí?"

"Owó wo tún ni? Ṣebí mo ti rà á!"

"Wọn kì í rà á bí ẹni ra ilẹ̀. Bí ẹni háyà ṣọ́ọ̀bù ni, ọdọọdún lèèyàn ń san án. Tí àsìkò bá ti kọjá, ẹlòmíràn lè gbà á."

Rẹ̀mílẹ́kún gba fóònù náà, ó wo ìkànnì ọ̀hún. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín nínú gèlè pupa. Nọ́ńbà fóònù nìkan ni kì í ṣe tirẹ̀. Ó pe nọ́ńbà náà, ó fi í sí sípíkà.

Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. "Ẹ káàsán o. Rẹ̀mílẹ́kún ti Ìlaròó lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Aṣọ wo lẹ fẹ́?"

Obìnrin Ayétòrò wo fóònù, ó wo Rẹ̀mílẹ́kún, ó rọra fà sẹ́yìn.

"Ìwọ wá ńkọ́?" ló wí. "Ta ni ìwọ?"