Gbólóhùn Tí Kò Dé Etí Dókítà

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan wà tí obìnrin tí à ń sọ yìí kì í fi ṣeré. Bí o bá ń da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ sórí káàdì, tí o sì fo nǹkan níbẹ̀, ì báà ṣe ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré, o gbọ́dọ̀ fi àmì ìdánudúró mẹ́ta sójú ibi tí o ti fò ó, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé nǹkan ti kúrò níbẹ̀. Akọ̀wé kan gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá, obìnrin náà sì fi ọ̀rọ̀ nà án débi pé omi bọ́ lójú àgbàlagbà. Ó ní olè ni ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ọlọ́rọ̀ tí kò fi àmì sílẹ̀. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́, a ó padà wá sórí rẹ̀.

Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni. Olóòtú àgbà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n Ẹnu-mi ni ìyá rẹ̀ ń pè é láti kékeré. Ìyá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ ní gbogbo ọ́fíìsì ìlú tí wọ́n ń gbé. Níbi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, nílé ìwòsàn, níwájú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ọmọ yìí ni yóò dúró láàárín, yóò máa gba ọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún, yóò máa gbé e fún òsì. Ìyá a tì í síwájú, a ní kí wọ́n bá ẹnu òun sọ̀rọ̀.

Lọ́dún yìí, wọ́n kó àwọn ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun tí a bí mọ́ ènìyàn fún un láti tò: ọgbọ́n àbímọ́, ẹ̀bùn àbímọ́, àti òmùgọ̀ tí wọ́n ní a bí mọ́ni. Káàdì náà kún àpótí mẹ́rin. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn àtihọ egbò tó ń yún un. Ó rí i pé tálẹ́ńtì, tí gbogbo òbí fi ń yangàn lórí ọmọ wọn, ìwọ̀n fàdákà ni nígbà kan rí, ohun tí wọ́n ń gbé sórí òṣùwọ̀n. Ó rí i pé ẹ̀mí tó ń bá ènìyàn rìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni wọ́n ń pè ní jíníọ̀sì, kò sì sẹ́ni tí kò ní tirẹ̀, àti ọlọ́gbọ́n àti ẹni tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọ̀pọ̀, tí wọ́n fi í fún díẹ̀. Ídíọ́tì ńkọ́? Ẹni tó jókòó sílé ara rẹ̀, tí kò dá sí ọ̀rọ̀ ìlú ni. Ìmbẹsílì, aláìlágbára lásán ni. Àwọn kan tilẹ̀ ní ẹni tí kò ní ọ̀pá tí yóò fi ti ara ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ, wọ́n tò wọ́n bí àtẹ̀gùn, wọ́n wá ń fi wọ́n wọn orí ọmọ ọlọ́mọ.

Orí ìmbẹsílì yìí gan-an ló wà ní àárọ̀ ọjọ́ tí lẹ́tà dé. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ kógbá wọlé. Kí ẹbí yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n mú ènìyàn wọn, tàbí kí wọ́n fọwọ́ síwèé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé mìíràn tó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dá káàdì padà sínú àpótí, ó sì pa àpótí náà dé.

Ohun tí lẹ́tà náà hú jáde ti pé ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà, àbúrò rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún méje. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà nítorí bó ṣe ń rìn, bíi pé ó ń bẹ ilẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ní kò mọ nǹkan kan, wọ́n ní kí ìyá mú un lọ bá dókítà tó ń yẹ ọpọlọ àwọn ọmọdé wò. Yàrá náà kò ju tábìlì kan àti àga mẹ́ta lọ. Dókítà ń wo ìwé, ó ń béèrè ìbéèrè láìgbójú sókè: ìka mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ, kí ni ológbò ń jẹ, èwo ló tóbi jù nínú ilé àti ìgò? Ẹnu-mi ń túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn àga àbúrò rẹ̀ níbi tí wọ́n ní kó dúró sí. Jẹ́jẹ́ kò dáhùn ẹyọ kan. Irun orí dókítà ló ń wò.

Dókítà wá gbójú sókè, ọmọbìnrin náà ló sì wò. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara ju ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ. Ó ní ó ní tálẹ́ńtì, àbímọ́ ni, kì í ṣe kíkọ́, òun yóò sì kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń gba irú wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí orí ọmọ ọdún méjìlá yóò ti wú tó. Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí fọ́ọ̀mù Jẹ́jẹ́, ó fa ìlà sí i nídìí, ó ní ilé kan wà fún irú ìyẹn náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lórí tábìlì kan, ọmọ ìyá méjì gba orúkọ méjì.

Ìgbà náà ni ìyá sọ̀rọ̀.

"Ẹnu-mi, sọ fún un pé láti ìgbà tí ibà yẹn ti mú un lọ́mọ ọdún méjì ni etí ẹ̀ ò ti gbọ́ dáadáa mọ́. Tó bá ṣáà ti ń wo ẹnu mi, kò sí nǹkan tí mo sọ tí kì í yé e. Ní kó dojú kọ ọ́, kó tún bi í."

Ọmọ náà gbọ́, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ti ń ti bíírò bọ àpò. Ojú ń ti ọmọ náà nítorí pé ìyá ń gbá tábìlì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ti sú u láti máa fa ọmọ tí kì í dáhùn lọ sílé ẹ̀kọ́ ní gbogbo àárọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀rù ń bà á pé bí ìyá bá bá ọkùnrin yìí jiyàn, lẹ́tà tirẹ̀ lè wọmi. Dókítà bèèrè ohun tí ìyá wí.

"Ó ní òun gbà," ni ọmọ náà wí.

Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Wọ́n ní àwọn gbọ́, Màámi. Wọ́n máa tọ́jú etí ẹ̀ níbẹ̀."

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn ò sọ ti èyí tí a kò jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ rárá. Ọwọ́ ẹni ló ń rà sí.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó gbégbá orókè, Gẹ̀ẹ́sì di oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ìyá ń lọ wo Jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Yóò jókòó kọjú sí i, yóò la ẹnu gbàgà bá a sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa wo ìyá bíi pé òun náà nílò bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Bó bá délé, gbólóhùn kan náà ni: "A ṣáà ti sọ fún wọn. Wọ́n mọ̀. Ká ní a ò sọ ni, ìyẹn ni ì bá pa mí." Orí gbólóhùn yẹn ni ìyá ń sùn. Ọmọ rẹ̀ mọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi là á fún un lọ́dún kìíní, kò là á lọ́dún kẹwàá, títí tí ẹnu fi wúwo ju ohun tó ṣeé là lọ.

Nígbà tí olóòtú àgbà dé ilé tí Jẹ́jẹ́ wà, alábòójútó gbé fáìlì lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ló wà lójú-ìwé kìíní. Wọ́n ti fa ìlà gba inú ìmbẹsílì kọjá. Wọ́n kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú íǹkì aláwọ̀ ewé nígbà tí ti àkọ́kọ́ di èébú. Òun náà di èébú lẹ́nu àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n fa ìlà sí i, wọ́n kọ ẹ̀kẹta. Èyí tó kẹ́yìn gùn, ó tutù lẹ́nu, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí. Ó lè fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ láìwo déètì. Ó ṣí fáìlì náà síwá sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí ẹnikẹ́ni ti tún ọmọ yìí yẹ̀ wò. Kò sí. Wọ́n ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ni, bẹ́ẹ̀dì kan náà ló wà. Lójú-ìwé kejì, níbi tí wọ́n ń kọ ohun tí òbí sọ sí, ó ka: Ìyá gbà. Kò sí àmì ìdánudúró mẹ́ta níbẹ̀. Ẹyọ kan ló wà ní ìparí.

Wọ́n mú un lọ sí yàrá ìfọṣọ. Jẹ́jẹ́ ti hewú. Ó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, etí aṣọ sí etí aṣọ, kò sí èyí tó wọ́. Ẹnìkan já garawa irin sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo yàrá ta gìrì, òun ń ká aṣọ lọ. Nígbà tó yíjú tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ojú. Ó dúró pé kó sọ̀rọ̀. Obìnrin tó mọ ìtàn gbogbo ọ̀rọ̀ di etí aṣọ kejì mú, ó bá a ká a.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún un ní àyè fún ohun tí ẹbí bá mọ̀. Ó kọ gbólóhùn ìyá rẹ̀ síbẹ̀, láti orí ibà títí dé ibi tó ti ní kí dókítà dojú kọ ọ́. Alábòójútó kà á, ó bèèrè ìdí tí wọn kò fi sọ èyí láti ọjọ́ yìí. Ó ní wọ́n sọ ọ́. Òun ni òun kò túmọ̀ rẹ̀. Alábòójútó ní kí wọ́n mú Jẹ́jẹ́ lọ yẹ etí wò ná, kí ìyá náà sì wà níbẹ̀.

Ó gba ilé ìyá lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ìyá ń ká aṣọ tó gbẹ, bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣe ń ká a gẹ́lẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀ ká, ó tún un ká, ó tún tú u.

"Kí lo wá sọ fún un lọ́jọ́ náà?"

"Mo ní ẹ gbà."

Ìyá dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.  

Ní ọjọ́ tí wọ́n dá, wọ́n fi Jẹ́jẹ́ sínú yàrá kékeré onígíláàsì, wọ́n gbé nǹkan bò ó létí méjèèjì, wọ́n fi hàn án pé kó nawọ́ bó bá gbọ́. Ó pẹ́ gan-an kó tó nawọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó ń yẹ etí wò jáde, ó sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: etí òsì ti kú, díẹ̀ ló ṣẹ́kù nínú ti ọ̀tún. Ó ní ká ní wọ́n ti fún un ní ẹ̀rọ àti olùkọ́ lọ́mọ ọdún méje ni, ì bá máa sọ̀rọ̀ bíi gbogbo ènìyàn lónìí. Nísinsìnyí, ariwo lásán ni ẹ̀rọ lè fún un.

Olóòtú àgbà la ẹnu láti túmọ̀. Ìyá gbé ọwọ́ sókè. Ó pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an, èyí tí kò pè láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ó ní kó jókòó. Ó wá ké sí obìnrin tó ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ti kí i lédè ara wọn nígbà tí wọ́n wọlé.

"Wá bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi."

"Ìyá, Gẹ̀ẹ́sì tèmi ò gún o. Ẹ̀gbọ́n yìí á gbọ́ ọ jù mí lọ."

"Mo mọ̀. Ìwọ ni mo fẹ́."

Obìnrin náà fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó nu ọwọ́ sára aṣọ. Ìyá bẹ̀rẹ̀ láti orí ibà, ó sọ ti etí, ó sọ ti ẹnu tí ọmọ ń wò, ó ní ilé òun ló sì ń bọ̀ lónìí yìí, kì í ṣe ilé ẹlòmíràn. Obìnrin náà ń túmọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó ń tiro. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́n ọn, ó fọwọ́ kan etí, ó nàka sí ẹnu. Ó dé ibì kan, ó dúró, ó ní ẹ má bínú, òun ti fo nǹkan, ó sì padà síbẹ̀ lọ mú un.

Láti inú gíláàsì, Jẹ́jẹ́ ń wo ẹnu ìyá rẹ̀, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ń yẹ etí wò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí àga, ọwọ́ lórí itan, ó ń ka ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ bó ṣe ń bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pé. Kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.