Ife Oníkálukú ní Oko Ọlábímtán

Ẹ̀bù iṣu Ọlábímtán ti hù. Ohun tí ó yẹ kí ó mú inú àgbẹ̀ dùn ni, bí ebè bá wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ebè kò sí. Ilẹ̀ tí ó ti ṣán, tí ó sì ti sun, wà ní ọ̀nà Odò-Àpé, ó tẹ́jú bí ẹní, òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀ sí i. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá kọjá láìgbìn, ẹ̀bù yóò gbẹ nínú abà, iṣu tí ilé rẹ̀ ì bá jẹ ní ọdún tí ń bọ̀ yóò sì di oúnjẹ ewúrẹ́.

Àáró ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹgbẹ́ àáró wọn ní Kàbà ti kọ ebè fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tán, àfi òun, nítorí pé òun ni ìpín ìkẹyìn bọ́ sí lọ́wọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ní ọdún 2020, ni rédíò kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ju àìsàn kòrónà lọ: kí ẹnikẹ́ni má ṣe bọ ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí àwọn ènìyàn má ṣe kóra jọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹgbẹ́ pàdé ní iwájú ilé Bàbá Dáníẹ́lì, olórí wọn. Wọ́n jókòó mọ́ ara wọn lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, wọ́n ń jíròrò bóyá ó léwu kí àwọn ènìyàn jókòó mọ́ ara wọn.

Olúṣínà, tí ó máa ń gbé rédíò kékeré kọ́ ọrùn lọ sí ibi gbogbo, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní ìlú òyìnbó, wọ́n ń sin òkú láìsí ẹni tí ń sunkún. Ẹ jẹ́ ká dá àáró dúró títí yóò fi kọjá."

"Olúṣínà, a ti kọ ebè tìrẹ," ni Ọlábímtán wí.

"Ìyẹn kọ́ ló wà nílẹ̀."

"Òun gan-an ló wà nílẹ̀. Ebè tèmi ni kò sí nílẹ̀."

Ọlọ́runlékè, tí ń dá ẹmu tà, bú sẹ́rìn-ín. "Àìsàn àwọn tó ń wọ bàálù ni. Èwo nínú yín ló wọ bàálù rí? Ibi tí mo wọ ọkọ̀ lọ tó jìnnà jù ni Ìsánlú, ọkọ̀ náà sì bàjẹ́ kí a tó débẹ̀."

"Ẹni tó wọ bàálù á wọ táksí," ni Olúṣínà dáhùn. "Onítáksí á sì wá ra ẹmu lọ́wọ́ ẹ."

"Kó tètè wá o! Láti ọjọ́ Kérésì ni mo ti ń retí oníbàárà tuntun."

Bàbá Dáníẹ́lì gbé ọwọ́ sókè. "Ìgbóná dé, ó bá mi níbí. Onígbáméjì dé, ó bá mi níbí. Wọ́n lọ, wọ́n fi mí sílẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí lójú yìí ni n ó wá máa sá fún?"

"Bàbá, kò sí èyí tí à ń fi ojú rí nínú wọn," ni Olúṣínà wí.

"Mo rí onígbáméjì. Mo rí i dáadáa. Ó ń bọ̀ láti apá ọ̀nà Ìyàrá."

"Ẹ rí i! Kí ló wọ̀?"

"Bí mo ṣe ń sáré, mo ha lè wo aṣọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ń mì. Ọlábímtán nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Rachel, ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ṣeun, dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó ti ń po ọtí ọkà bàbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò mu, kò sì fẹ́ kí ó kan lásán. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn bí wọ́n ti ń kíni ní Kàbà.

"Okun o, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Bí ẹ bá ń kọ ebè, ẹ jìnnà síra yín, kò sì sí ẹni tó ń fi ẹnu kọ ebè. Igbá ọtí tí ẹ ń gbé fún ara yín ló lè kó àìsàn ràn yín. Kí oníkálukú mú ife tirẹ̀ wá. Èmi náà á bu oúnjẹ sí àwo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

Olúṣínà ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rédíò wí. Ọlọ́runlékè ní bí ọtí bá ṣá ti wà nínú ife, òun kò bá ife jà. Bàbá Dáníẹ́lì ronú díẹ̀.

"Ife tèmi?" ni ó bi í. "Èmi nìkan? Ó dáa. Ó dáa gan-an ni."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dé oko. Wọ́n ń kí ara wọn ní "okun o" láti òkèèrè, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí ó jí nǹkan. Olúṣínà tú ọ̀rá kan, ó sì yọ ife rẹ̀ jáde: ìdérí kékeré tí wọ́n fi ń wọn oògùn fún ọmọdé. Ó ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ọlọ́runlékè mú kéègì kan tí ó ti gé lọ́rùn. Bàbá Dáníẹ́lì gbé korobá wá, irú èyí tí wọ́n ń pín níbi òkú. Àwòrán ìyá ìyàwó rẹ̀ wà lára rẹ̀, olóògbé náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ife nìyí?" ni Olúṣínà bi í.

"Ó ní ohun tí à ń fi dì í mú. Ohunkóhun tó bá ti ní ohun tí à ń fi dì í mú, ife ni."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ sì dára. Kí oòrùn tó gòkè dáadáa, ebè ti dúró lẹ́sẹẹsẹ dé ìdajì ilẹ̀. Ọlábímtán ń wò wọ́n, ó ti ń rí ewé iṣu lórí wọn. Nígbà náà ni wọ́n lọ sí abẹ́ igi igbá tí ń so irú láti sinmi, Ìyá Ṣeun sì ṣí ìkòkò.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé igbá kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ohun ìmutí nìkan. Òun ni ó ń dá wọn lẹ́kun. Bí igbá bá dé ọwọ́ ẹnì kan, ojú gbogbo ẹgbẹ́ a máa wà ní ọ̀fun rẹ̀. Bí ó bá gbé e mì ju bí ó ti yẹ lọ, ẹni tí ó kàn yóò na ọwọ́ sí i, ìtìjú yóò sì gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí tí oníkálukú ní ife, kò sí ẹni tí ó kàn mọ́. Ọlọ́runlékè na kéègì lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Dáníẹ́lì gbé korobá sílẹ̀, ó ní kí Ìyá Ṣeun máa dà á títí ọtí yóò fi kan ojú olóògbé. Àwọn yòókù náà kò mú ife kékeré wá. Ọtí tí ó yẹ kí ó gbé wọn dé ìrọ̀lẹ́ tán kí oòrùn tó kúrò ní àtàrí. Ìnákúnàá pátápátá ni.

Ìyá Ṣeun dojú ìkòkò kọlẹ̀. "Ó tán."

Òfin àáró wọn kò ní àlàyé: ibi tí ọtí bá tán sí ni ọkọ́ ń dúró sí. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọkọ́ wọn.

"Ẹ dákun," ni Ọlábímtán wí, "ẹ̀bù mi ti hù. Ìdajì ilẹ̀ ṣì kù."

"Òfin ni, ọmọ mi," ni Bàbá Dáníẹ́lì wí láti inú korobá.

Olúṣínà, tí kò rí ju ohun tí ó rin ahọ́n rẹ̀ lọ, dìde. "Ọtí kò tán! Ó wà nínú korobá yẹn! Ẹ jẹ́ ká dà á padà sínú igbá, ká jọ mu ún bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ kòrónà yìí, wọ́n kàn ń bù mọ́ ọn ni."

"Kí lo wí?" Bàbá Dáníẹ́lì fi ọwọ́ méjèèjì gbá korobá mọ́ra. "Kòrónà ń pa ènìyàn! Rédíò tìrẹ ló sọ ọ́. Mo ti fi ẹnu kàn án. Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Bàbá ò purọ́," ni Ọlọ́runlékè wí, ó sì fi kéègì tirẹ̀ sẹ́yìn. "Èmi náà ti wá gbà á gbọ́."

"Ìwọ tí o wí pé àìsàn oníbàálù ni?" ni Olúṣínà bi í.

"Àná nìyẹn. Ìmọ̀ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́."

Olúṣínà rìn súnmọ́ korobá. Bàbá Dáníẹ́lì rí i pé ọ̀rọ̀ ti di ti ipá, ó gbé korobá sókè, ó sì da gbogbo ohun tí ó kù sí ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà, àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ há a lọ́fun. Ojú rẹ̀ yọ. Ó sì wúkọ́.

Kò sí ẹni tí ó rántí ohun tí òun gbà gbọ́. Wọ́n tú ká. Ọlọ́runlékè ni ó kọ́kọ́ dé òpin oko, kéègì kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọkọ́ ni ó gbé sá. Olúṣínà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, rédíò ń gbá a láyà. Nígbà tí wọ́n dúró, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ níbi tí ilẹ̀ ṣì tẹ́jú, wọ́n wo ara wọn.

"Kí lò ń sá fún?" ni Olúṣínà bi í.

"Ta ló sá? Iṣẹ́ ni mo wá ṣe." Ọlọ́runlékè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè.

"Èmi náà ńkọ́? Iṣẹ́ ni." Olúṣínà bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù náà kò lè dúró lásán kí wọ́n pè wọ́n ní ojo. Ebè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Ọlábímtán bu omi, ó gbé e sílẹ̀ ní ọ̀ọ́kán, ó sì fi èèkù ọkọ́ tì í dé ọ̀dọ̀ Bàbá Dáníẹ́lì. Bàbá mu ún, ó nu ojú.

"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Sọ fún àwọn òmùgọ̀ yẹn pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni."

"Màá sọ fún wọn, Bàbá." Ọlábímtán kò kúrò lójú kan.

Nígbà tí ó ṣe, Olúṣínà nàró lọ́hùn-ún, ó kígbe pé, "Ṣé ó ti rọlẹ̀? Ká máa bọ̀?"

Ọlábímtán dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ilẹ̀ tó kù kò pọ̀ mọ́."

Bàbá Dáníẹ́lì wo ilẹ̀. Ó wo ọkùnrin tí ó dọ̀bálẹ̀ náà. "Iyán ńkọ́?"

"Tiyín á dá wà, Bàbá."

"Ẹran ńkọ́?"

"Tẹrantẹran ni."

Bàbá Dáníẹ́lì di igi igbá mú, ó fa èémí, ó sì wúkọ́ débi pé ẹyẹ fò lórí igi. Ní òpin oko, gbogbo ọkọ́ wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.