Ó Kàn Mí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ Òkè àti Etídò ṣe rí, ẹ wo ilé tí ọkọ ti lọ yunifásítì Òkè, tí ìyàwó sì lọ ti Etídò. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọbìnrin yunifásítì méjèèjì bá fẹ́ gbá fọ́líbọ́ọ̀lù, tọkọtaya náà kì í kí ara wọn káàárọ̀.

Irun dúdú ni Ìyá Fèrè, akọ́nimọ̀ọ́gbá Òkè, fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti funfun báláú báyìí. Fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò sí ife-ẹ̀yẹ tí kò gbà rí, àfi èyí tí wọ́n ń bá Etídò du. Ìdíje yìí ló sì máa ṣe kẹ́yìn. Yunifásítì ti ní kó fa ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ kalẹ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń jáde lọ́dún náà, kò tíì rí ẹni tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àwọn ọmọ mọ bí ife náà ṣe ń dùn ún tó, wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù dé ojú àmì. Pàápàá Agùntáṣọọ́lò, ọmọ gíga kan tó wà lọ́dún àṣekẹ́yìn, tó máa ń dúró nídìí nẹ́ẹ̀tì. Ọmọ náà mọṣẹ́! Bó bá fò sókè, ẹ máa rò pé ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni.

Nígbà tó ku póìǹtì kan péré kí Òkè gba ife, Etídò gbá bọ́ọ̀lù kan wá kíkankíkan. Agùntáṣọọ́lò fò, bọ́ọ̀lù gba òkè rẹ̀ kọjá, ó jáde. Rẹfirí fọn fèrè, ó nawọ́ sí Òkè. Ariwo sọ gèè! Ìyá Fèrè bú sẹ́kún ayọ̀.

Agùntáṣọọ́lò nìkan ni kò jó. Ó nawọ́ sókè.

"Ó kàn mí!"

"Kí ló kàn ọ́?" Ẹnì kejì rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o tún fẹ́ ṣí bọ́ọ̀lù ni? A ti gbà á, jàre!"

Rẹfirí kọjú sí Ìyá Fèrè. "Mà, kí ló ń wí? Àbí ó rò pé òun ló kàn láti ṣí bọ́ọ̀lù ni?"

Ẹ gbọ́ mi o. Kí obìnrin yìí ṣáà ti mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ife ti délé. Irọ́ wo ló tún rọrùn jùyẹn lọ? Ó wo ife tó ń dán lórí tábìlì. Ó wo ọmọ náà, tó gbé ìka ọmọńdinrín rẹ̀ sókè, tí omi ń dà lójú rẹ̀.

"Rárá," ó ní. "Ó ní bọ́ọ̀lù kan ìka òun kó tó jáde. Etídò ló ni póìǹtì."

Wọ́n ń bá bọ́ọ̀lù lọ, Etídò ló sì gba ife níkẹyìn. Ó dun Ìyá Fèrè dọ́kàn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn Etídò, tí ẹnu wọn kì í sinmi èébú, dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ títí àwọn ọmọ Òkè fi wọlé tán.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, Agùntáṣọọ́lò kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mo bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

"Dìde jàre, wọ́n ti nu ilẹ̀ yẹn láàárọ̀."

Ìyá Fèrè bọ́ fèrè lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ ọmọ náà lọ́rùn.

"O ò purọ́," ó ní. "Ó kàn ọ́."