Ẹgbẹ́ Tí Mo Wà Tí N Kò Mọ̀

"Màmá Eulalia, ta ni alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín?" Citlali, lọ́yà kékeré tó ń jà fún òṣìṣẹ́ ní Torreón, ìlú wa, ló bi mí bẹ́ẹ̀ níwájú ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń so wáyà mọ́tò.

"Ẹgbẹ́ wo? A ò ní ẹgbẹ́ kankan."

"Ẹ ní, mà. Wọ́n ti bá ọ̀gá yín fọwọ́ sí àdéhùn lórúkọ yín."

Orí mi dàrú. "Ọmọ yìí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Ta ló rán wọn?"

Ó ní àdéhùn òwò tó wà láàárín orílẹ̀-èdè wa àti Amẹ́ríkà sọ pé òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ dìbò yan ẹgbẹ́ rẹ̀, pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun fẹ́ kọ̀wé ẹ̀sùn lọ sí Amẹ́ríkà. Mo ní kí ló kan Amẹ́ríkà níbẹ̀?

"Àwọn ló ń ra wáyà yín, mà."

Ó na ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ yẹn bá ọ̀gá wa fọwọ́ sí sí mi. Mo wo déètì rẹ̀: ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ wa ò sì tíì pé ọdún mẹ́wàá! Nígbà yẹn, bàbá mi ló ń da ewúrẹ́ lórí ilẹ̀ tí wọ́n padà kọ́ ilé-iṣẹ́ náà sí.

"Citlali, ṣé àwọn ewúrẹ́ bàbá mi ni wọ́n ń ṣojú fún ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un sọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn náà.