Ògiri Tí Mathurin Fín Sórí Bàbà

Ara Mathurin ò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí Perrine ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wá sọ fún un pé àwọn mọ́ńkì, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàndágbé ti ìjọ Àgùdà, pe òun lẹ́jọ́. Wọ́n ní ọgbà ewébẹ̀ tí Perrine ti ń ro láti ogún ọdún, inú ògiri àwọn ló wà láti ayé àwọn ọba àkọ́kọ́. Ẹ̀rí wọn ni máàpù kan tó fi Párísì hàn bó ṣe rí ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Mathurin fúnra rẹ̀ ló fín máàpù náà sórí bàbà, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òpópónà Saint-Jacques, kí wọ́n tó fi bàbà náà tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ta ló rí Párísì ìgbà yẹn? Ẹni tó gbéṣẹ́ fún un ní kó fi igbó síbí, kó fi àbàtà sọ́hùn-ún. Ti ògiri yẹn tiẹ̀ tún burú jù. Irin tó fi ń fín in ló yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ tó ha bàbà. Bàbà wọ́n, kò ṣeé sọ nù, ló bá fi ìlà mìíràn kún ibi tó ha, ó pè é ní ògiri àwọn mọ́ńkì. Iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, ká má parọ́.

Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á tún wo bàbà náà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún un? Nígbà tó ku ọ̀la kí ẹjọ́ pé, ó fá ògiri náà kúrò, ó fi òòlù lu ẹ̀yìn bàbà títí ojú rẹ̀ fi tẹ́jú, ó sì dán an.

Ní kóòtù, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Adájọ́ gba bàbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù orí ìwé tí àwọn mọ́ńkì mú wá.

“Ìgbà wo lo pa ògiri yìí rẹ́?”

“Lánàá, Olúwa mi.”

“Kí ni obìnrin yìí jẹ́ sí ọ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló tọ́ mi dàgbà.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mathurin ṣàlàyé pé ìlà tí irin bá yọ̀ fà máa ń jìn níbẹ̀rẹ̀, á wá tín-ín-rín bí irun níparí. Afínbàbà èyíkéyìí ló máa dá a mọ̀. Adájọ́ ní kó fi han òun. Ó wá a títí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, nítorí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún Perrine láti kó kúrò. Kò bú àbúrò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọgbà, ó bi í léèrè.

“Mathurin, kí ló dé tí o ò bi mí kó o tó fọwọ́ kan bàbà yẹn?”

Mathurin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá a fa kábéèjì tí kò tíì gbó tu.